Tóyọ̀sí Rí Ihò Náà, Ó sì Dákẹ́

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín kó gbọ́ èyí. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ti fẹ́ràn ẹnì kan rí débi pé ẹ ò fẹ́ kó dìde lọ, ẹ̀yin náà ẹ má kọjá.

Ọ̀rọ̀ Tóyọ̀sí ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú Enugu ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó mú un lọ síbẹ̀ ti padà sílé. Òun ní òun ò lọ, iṣẹ́ ti wọ òun lára. Ọ̀gá rẹ̀, Dennis, ọmọ Igbo tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Thinkers Corner, ti fún un ní fíríìdọ̀mù, ó sì ní kó dúró ti òun kí àwọn jọ máa ṣiṣẹ́.

Kò ka ìwé púpọ̀. Etí ló fi mọṣẹ́. Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn bá ti tú palẹ̀ tí wọn ò rídìí àrùn rẹ̀, òun ni Dennis máa ń pè sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, Igbo àti píjìn ló ń gbọ́. Qonitah, àgùnbánirọ̀ ọmọ Ìwó tí wọ́n jọ gba yàrá ní Awkunanaw, nìkan ló ń bá a sọ Yorùbá, Qonitah kì í sì í tètè délé.

Ìyẹn ló fà á tí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ eré pupa kan wọlé.

Ẹ ò rí ọkọ̀! Onílẹ̀kùn méjì, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fá ilẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò ó. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ gbé fóònù sétí.

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, Màámi. Ẹ jẹ́ n pè yín padà. Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti jẹun."

"Ẹ káàsán, sà," ni Tóyọ̀sí wí.

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló kí mi?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Nínú gírísì yìí? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Háà! Ọmọ Ajílété! Ta ló gbé ẹ dé ibí? Èmi, ọmọ Ìkirè ni mí."

"Ṣé dòdò Ìkirè wà nínú bùútù ni kí n máa wò?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ ti ara ọkọ̀. Dúrójayé lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ló gbé e wá sí Enugu, kò sì ní ará kankan níbẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an, Bọ̀dá Dúró?"

"Tí mo bá ń sáré, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti dúró, bóyá níbi tí ọlọ́pàá ti dá wa dúró, á máa gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ iwájú awakọ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà míì á kàn kú. Ó sì ń mu epo bí ẹni tó gbààwẹ̀."

Tóyọ̀sí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ yìí, tọkàntọkàn ló fi ṣiṣẹ́, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó rí i pé wọ́n funfun jù, bí éńjìnnì tó ń gba afẹ́fẹ́ ju epo lọ. Ó pààrọ̀ fílítà epo. Ó so géèjì mọ́ ọ̀nà epo, epo ń tì wá dáadáa. Ó tú àwọn ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sínú éńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó dá wọn padà. Ọkọ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀.

"Ẹ ṣì máa lò ó báyìí ná," ló wí. "Tí kò bá yí padà, ẹ tún gbé e wá."

Kò yí padà. Dúrójayé tún gbé e wá.

"Tóyọ̀sí! Your husband don come o!" ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń pariwo. Ó ju àkísà lù wọ́n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dé gìgísẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, Dúrójayé mú dòdò Ìkirè tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ dání. Àwọn méjèèjì jókòó sórí táyà àlòkù, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó sọ fún un pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún ìyá òun, pé àwọn tó ṣáájú òun ò dúró.

"Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní gbogbo ọ̀sán láti béèrè bóyá mo jẹun. Àgbà bíi tèmi!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi, ẹni tó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ti padà sílé."

"Ṣé o jẹun?"

"Ẹ ò rí i pé mò ń jẹ dòdò yín?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí: kò sóhun tó ń pa ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn odi bí ẹni tó béèrè bóyá ó jẹun, ní èdè ìyá rẹ̀.

Nígbà tó tún gbé ọkọ̀ náà wá, ó fi sílẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Dennis lọ sí ìsìnkú lábúlé. Tóyọ̀sí nìkan ló dúró ti éńjìnnì náà. Ó gé rọ́bà gbọọrọ kan, ó fi orí kan sétí, ó sì ń fi orí kejì rìn káàkiri ara éńjìnnì, bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn.

Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn pátápátá. *Sííí.*

Páìpù rọ́bà kan ló wà níbẹ̀, tó ti ara éńjìnnì lọ síbi bíréèkì, òun ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́ kí ó lè rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó ti gbó. Ó ti sán lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé. Ihò náà ò ju kí ọmọ ìka wọ inú rẹ̀ díẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olè ti ń wọlé.

Ó mú téèpù dúdú, ó wé e. Éńjìnnì náà balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé ife omi lé orí rẹ̀, omi náà ò mì.

Ó yẹ kó pariwo. Ó yẹ kó gbé fóònù kó ní, "Bọ̀dá Dúró, mo ti rí i!" Ó tiẹ̀ ti mú fóònù náà.

Ìgbà náà ni èrò kan yọ́ wọlé, ó jókòó. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá dá, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì? Táyà méjì yẹn á ṣófo. Ta ni yóò tún máa bi í bóyá ó jẹun?

Ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó bó téèpù náà kúrò. Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà tí Dúrójayé dé, ó bi í pé, "Ẹnjiníà, kí la rí?"

Tóyọ̀sí ò wò ó lójú. "Epo ni, Bọ̀dá Dúró. Epo tí ẹ ń rà ò mọ́. Ẹ yí ilé epo padà, kí ẹ tún gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ohun tí o bá sọ ni."

Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe máa ń rọrùn tó nígbà tí ẹni tí à ń parọ́ fún bá gbà wá gbọ́?

Ó sọ ọ́ fún Qonitah bí àwàdà, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ tí wọ́n rà lọ́jà Kenyatta. Qonitah ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tí nọ́ọ̀sì bá rí ibi tó ń dun aláìsàn, tó dákẹ́ nítorí pé aláìsàn náà dára lọ́kùnrin ńkọ́?"

"Aláìsàn á máa padà wá nìyẹn."

"Tàbí kó kú."

"Qonitah, má fi wáàsí bà mí nínú jẹ́ jàre. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe èèyàn."

"Ta ló ń jókòó sínú ọkọ̀ náà? Ewúrẹ́?"

Tóyọ̀sí ń gé ẹ̀fọ́ lọ.

Irọ́ kan ò dá dúró rí. Nígbà tí Dúrójayé yí ilé epo padà tí ọkọ̀ ò balẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ló wà nísàlẹ̀ táǹkì. Ó sọ táǹkì kalẹ̀, ó fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ táǹkì ọ̀hún mọ́ bí àwo oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí, ó ní púḿpù epo ló ti ń rẹ̀. Ó tú púḿpù náà, ó nù ún, ó dá a padà síbi tó ti yọ ọ́. Gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, Dúrójayé á jókòó sórí táyà, á máa sọ̀rọ̀, á máa pa á lẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ń dàgbà. Ihò náà ń dàgbà.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Dennis.

"Tóyọ̀sí, this motor never better? You wey dey hear engine inside dream?"

"Na fuel, Oga."

"Make I look am."

"Oga, leave am for me. I go catch am."

Dennis fi í sílẹ̀ fún un. Ó ti máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ òun ni Tóyọ̀sí, pé bó bá ti fọwọ́ kan ọkọ̀, kí wọ́n lọ sùn. Kò lè tún máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn wò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dúrójayé gbé ọkọ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ilé. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ pa itan.

"Ẹnjiníà, bíréèkì rẹ̀ ti ń le o. Àfi kí n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kó tó mú."

Gbọ̀nrìn-gbọ̀nrìn éńjìnnì nìkan ni Tóyọ̀sí ti ń rò látọjọ́ yìí. Ó mọ iṣẹ́ páìpù yẹn, ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀, ó kàn ti jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sá fún un ni. Ihò ti gbòòrò. Bí éńjìnnì bá kú lójijì báyìí, bíréèkì á di òkúta.

*Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹ má wà á mọ́.* Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dúrójayé ò tíì sọ tán. "Sátidé, mo fẹ́ kí a jọ gbé e jáde. Jọ̀wọ́, wọ aṣọ tí kò ní gírísì. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n padà sí ọ̀fun. Ó rí Sátidé lójú ara rẹ̀: á ra páìpù tuntun, á fi sí i níṣojú ọkùnrin náà, ọkọ̀ á balẹ̀ wọ̀ọ̀, á ní, "Mo ti rí i!" Dúrójayé á sì wò ó bí ẹni tó jí òkú. Ó wu Tóyọ̀sí kó jẹ́ ọjọ́ Sátidé náà gan-an lòun máa sọ ọ́.

"Ẹ rọra máa wà á títí di Sátidé," ló wí.

"Mo ti gbọ́, Ẹnjiníà mi."

*Ẹnjiníà mi.* Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, iléeṣẹ́ rán Dúrójayé lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lókè Ngwo. Ẹni tó bá mọ Enugu mọ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Milliken: ó gùn, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àfonífojì wà lápá kan, àpáta wà lápá kejì. Dúrójayé ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí awakọ̀ ń tẹ̀ sáré bó ṣe dé kọ́nà kan. Éńjìnnì kú. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò gbọ́. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé àfonífojì ló kàn, ó fa ọkọ̀ náà lọ kọ lu àpáta.

Nọ́ńbà rẹ̀ ló wọlé sórí fóònù Tóyọ̀sí, ṣùgbọ́n ohùn ẹlòmíì ló gbọ́. "Hello? You be Engineer? Na your number dey on top."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ẹsẹ̀ tó fi tẹ bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ tó wá ń lọ kiri ló burú jù. "Ọ̀dọ́ àti ọkọ̀ eré," ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ. "A ti mọ̀ pé bó ṣe máa parí nìyẹn." Ìyá rẹ̀ dé láti Ìkirè, ó ń sunkún pé, "Eré kí lò ń sá, ọmọ mi? Ta ló ń lé ọ?" Dúrójayé fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. "Bóyá mo sáré lóòótọ́," ló ń wí. "Mi ò mọ̀ mọ́."

Tóyọ̀sí gbọ́ gbogbo èyí. Kò sọ ohun tó mọ̀.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Iwájú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn éńjìnnì ṣì wà bó ṣe wà. Dennis ní òun fẹ́ mọ ohun tó ṣe ọkùnrin náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù péjọ. Ó gbọ́wọ́ sísàlẹ̀, ó ń wá kiri, ó dúró. Ó fa páìpù kan yọ, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Ihò náà ti là gbooro.

Ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ̀. Ó gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún fi pa á.

"Tóyọ̀sí. Who touch this motor apart from you?"

"Nobody, Oga."

"Look this place. Na tape gum be this." Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Person see this hole. Person close am. Person come open am back."

Ẹnì kan ń lu irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Why?" ni Dennis bi í.



"Na the man she like," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tó ti ń pariwo *your husband don come* ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Dennis jókòó sórí táyà bí ẹni tó já sí kòtò.

"I tell people say you be my pikin. I tell that man make e go sleep." Ó gbé páìpù náà fún un. "Carry am. Go tell am with your own mouth. If you no tell am today, me I go tell am. And my spanner, no touch am again till I die."

Tóyọ̀sí gbé páìpù náà dé ilé ìwòsàn nínú kẹ̀kẹ́, ó dì í mọ́ra bí ọmọ.

Ìyá Dúrójayé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe gbọ́ tí Tóyọ̀sí kí i ní Yorùbá, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe? Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ fún mi lórí fóònù. Ó ní ìwọ ló ń ṣe bí ará fún òun níbí. Olúwa á ṣe tìrẹ fún ọ, ọmọ mi." Ó di ọwọ́ Tóyọ̀sí mú.

Tóyọ̀sí kúnlẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà nínú tirẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti rọ́bà tó fi sétí. Ó sọ ti téèpù. Ó sọ ti táǹkì tó mọ́ tó ní kò mọ́. Ó sọ ti ọjọ́ tí bíréèkì le, tó ní kí ó máa rọra wà á. Nígbà tó dé ibẹ̀, ìyá náà ti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Ẹ ò sáré, Bọ̀dá Dúró," ló wí. "Ẹ ò sáré rárá. Èmi ni."

Dúrójayé ò pariwo. Ó ń wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ, níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà.

"Nítorí kí ni?" ló bi í.

"Nítorí kí ẹ lè máa wá."

Dúrójayé ní, "Tóyọ̀sí, mẹkáníìkì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Mo máa ń kọjá lára rẹ̀ kí n tó débi tí ẹ wà. Ta ló sọ fún ẹ pé ọkọ̀ ni mò ń gbé wá?"

Tóyọ̀sí fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá náà gbé ara sáàárín.

"Dìde, ọmọ," ni obìnrin náà wí. "Mi ò ní ṣẹ́ èpè. Ṣáà máa lọ."

Dennis lọ ṣàlàyé fún àwọn ará iléeṣẹ́ náà pé ọkùnrin náà kò sáré. Wọ́n gbọ́. Wọ́n mi orí. Ẹsẹ̀ ò hù.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ohun tí ojú yín bá rí lára ọkọ̀ oníbàárà, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ máa sọ ọ́ ní Sátidé. Ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ kó máa wá kí yín, ẹ ní kó máa wá. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè bóyá Dúrójayé dárí jì í. Tóyọ̀sí náà ò mọ̀. Ìyá Dúrójayé ti gbé e padà sí Ìkirè. Láti ìgbà tí Tóyọ̀sí ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tirẹ̀, ó máa ń pe nọ́ńbà Dúrójayé ní ọ̀sán. Kì í wọlé.